Bọ̀dá Tapólì Tó Fẹ́ Ṣẹ́tí Erékùṣù

Ìròyìn tó gba ìlú kan nípa àbúrò ìyá mi ni pé ó fi ọkọ̀ aláṣọ yí erékùṣù ńlá ká lẹ́ẹ̀meje láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n ní kò sùn, kò sì wẹ̀yìn. Wọ́n ní obìnrin kan tó ti inú omi jáde ló ń fi búrẹ́dì bọ́ ọ, tó sì ń fi irun ara rẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gé irun nísàlẹ̀ ilé wa búra fún mi pé ṣe ni ìgbì òkun ń kúnlẹ̀ kí ó tó kọjá lára ọkọ̀ náà. Mo bi í bóyá ìgbì ọ̀hún bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Ó ní irú àwọn ọmọbìnrin bíi tèmi ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ìyanu pẹ́ nílùú.

Bọ̀dá Tapólì ni tọmọdé tàgbà ń pe àbúrò ìyá mi yìí, nítorí pé tapólì ló ń rán: èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí wọ́n fi ń bo pákó kí òjò má pa á, èyí tí àwọn apẹja ń ta sórí ọkọ̀ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Iwájú orí rẹ̀ ti pá, mo sì máa ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni irun ọ̀hún ń sá fún. Tó bá ń kọrin, ajá onítáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á dìde, á lọ sùn síbòmíì. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pè é nínú ìwé, bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yéé fi "wọ́n" pe òun tí òun bá ti yíjú, pé ẹnì kan péré lòun, òun ò tíì di èrò.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà nísàlẹ̀ òpópónà tó dà gẹ̀rẹ́ sí èbúté, láàárín onítáyà àti ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti tì pa. Yàrá gbọọrọ kan ni. Kò sí tábìlì níbẹ̀, torí kò sí tábìlì tó lè gba tapólì ọkọ̀ akẹ́rù. Ilẹ̀ pákó ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ẹni tó ń rán an á sì máa fi orúnkún rìn lórí rẹ̀. Gbogbo ṣòkòtò Bọ̀dá Tapólì ló ní àbùlẹ̀ awọ lórúnkún. Òórùn ìda àti rọ́bà ló máa kọ́kọ́ kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí òun tó rántí kí ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ fún ojú ìrán gígùn, ṣùgbọ́n etí tapólì, ọwọ́ ló fi ń ṣẹ́ ẹ: á wọ awọ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, á fi í ti abẹ́rẹ́ wọlé, á fa òwú tó ti fi ìda pa. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Erékùṣù ńlá ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, dúdú, gbọọrọ, bí ẹran ńlá tó dùbúlẹ̀ sínú omi tí kò gbèrò àtidìde mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Á so kókó òwú àkọ́kọ́ sí igun tapólì, á ní, "Di etí mú sọ́wọ́ ọ̀tún, má gbójú sókè, máa lọ. Bó pẹ́ bó yá, wàá bá kókó rẹ níbi tó o fi í sí." Ó ní ẹni tó bá ń gbójú sókè wo ibi tó kù, ẹ̀yìn á tètè ro ó, ìrán rẹ̀ á sì wọ́. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀ ló ti ń fi orúnkún yí tapólì ká bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó yí ká tí kò bá kókó rẹ̀ pàdé.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Jáabọ́, tó bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ìka òun ti fẹ̀yìntì láì gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Nígbà tó yá, kọ́ọ̀pù tíì ń já bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnnì ẹ̀wù di iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín tán nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Àǹtí, ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, òun ló sì bá a wá àyè lọ́dọ̀ dókítà. Èmi àti ìyá mi bá wọn lọ. Yàrá dókítà kéré débi pé orí ibùsùn tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò ni a jókòó sí, ẹsẹ̀ wa ń fì bíi ti ọmọ iléèwé.

"Iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọwọ́ yín ló ń kú," dókítà wí. "Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka, á máa gòkè."

"Títí dé ibo?"

"Dé èjìká. Ó tún lè kọjá bẹ́ẹ̀."

"Oògùn ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó ń dá a padà."

Bọ̀dá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wo ọmọṣẹ́ tó fẹ́ lọ láì dágbére. "Ẹ sọ ìgbà fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ẹ ó ṣì rí i lò. Èyí tó bá tẹ̀lé e, ẹlòmíì ni á máa fi oúnjẹ sí yín lẹ́nu."

A ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, a dé ibi tí òpópónà ti ṣí sílẹ̀ tí òkun fi yọ. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́.

"Mo fẹ́ yí erékùṣù yẹn ká."

Ìyá mi dúró. "Erékùṣù wo?"

"Mélòó ló wà nínú fèrèsé mi?"

"Ọwọ́ rẹ nìkan ni dókítà yẹ̀ wò, à bá ti ní kó yẹ orí rẹ náà wò. Ṣebí ọkọ̀ èrò ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ọkọ̀ èrò kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Gbogbo ẹrù tí mo bò láyé yìí ló rìnrìn àjò. Èmi tí mo bò ó, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ọwọ́ yìí ń lọ, ó dáa, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kò ní kú kó má tíì gbé èmi fúnra mi lọ síbì kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n fi í yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kí n bá kókó mi."

Ìyá mi wo Àǹtí, pé kó bá òun dá sí i. Àǹtí ń wo ilẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Tó o bá lọ, wàá padà?"

"Màá padà."

"Tọwọ́tọwọ́?"

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní káyáàkì ló fẹ́ fi lọ, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nìkan tí èèyàn ń wọ̀ bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ àkọ̀, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ olójú méjì wà, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Kò rà á. Káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìntì bá a tẹ igi, ó so egungun rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí wọ́n sì parí egungun náà, ó rí gẹ́lẹ́ bí ẹja tí ológbò ti jẹ tán. Bọ̀dá ló rán awọ fún un: tapólì ọkọ̀ akẹ́rù, ìrán onílọ̀ọ́po méjì, ó wá fi ọ̀dà kùn ún kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Èmi ni mò ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ jẹun, mo gbé ọ̀dà tó ṣẹ́kù, mo ya ojú méjì sí imú ọkọ̀ náà, mo ya ẹnu tó fẹjú sí i, mo sì rí i dájú pé mi ò ya irun.

Ó dé, ó dúró wò ó. "Ta ni eléyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá. Ẹ ò rí i bí ẹ̀rù omi ṣe ń bà á?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá pa á rẹ́, òun pẹ̀lú ẹ̀ ni.

Nítorí pé ìka rẹ̀ kò lè di àjẹ̀ mú pẹ́, ó rán okùn tapólì méjì mọ́ igi àjẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀gbà ọwọ́. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fi eyín fà á le. Bí ìka bá túúbá, ọrùn ọwọ́ á ṣì máa fa àjẹ̀. Àwọn èèyàn èbúté wá ń wò ó tó ń fi í dánra wò létí omi, wọ́n ní ó jọ ẹni tí wọ́n de mọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀.

Kápútẹ́nì tó ń wa ọkọ̀ èrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló fi ṣọ́ọ̀kì ya erékùṣù náà fún un sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Níbí yìí," ó fi bàtà kan ẹ̀yìn erékùṣù, "òkun bu ilẹ̀ jẹ bí ìgbà tí ọmọdé bu búrẹ́dì. Tẹ̀lé etí rẹ̀ wọlé, tẹ̀lé etí rẹ̀ jáde. Ó jìn, ṣùgbọ́n má gé ẹnu rẹ̀ kọjá. Omi ibẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí."

"Èmi? Kí n fi etí sílẹ̀? Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Apárí tó fẹ́ wọ aṣọ òjò lọ sínú òkun ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Òwúrọ̀ tó máa lọ, òkun dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àǹtí ti di búrẹ́dì àti ẹja alágolo sínú rọ́bà fún un, pẹ̀lú àlùbọ́sà, nítorí Bọ̀dá kì í jẹ búrẹ́dì láì fi àlùbọ́sà tútù sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní dé etí omi. A rí i tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́.

"Kì í ṣe pé mo fọwọ́ sí i," ó wí, ó ń fi ẹ̀wù náà bọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Òtútù ni mi ò fọwọ́ sí."

"Bọ̀dá," mo ní, "tẹ́ ẹ bá rí ẹja tó burẹ́wà jù yín lọ, ẹ bá mi kí i."

"Màá sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nílé, ó ń wá ọkọ."

Àǹtí ló fa okùn àjẹ̀ le fún un lọ́wọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ lórí ti òsì. Lẹ́yìn náà a tì í, omi gbà á, ó sì fi erékùṣù sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo bá ń fi òróró wọ́ ọwọ́ fún un. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Ó ń rí ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn tó jẹ́ pé iwájú ilé wọn nìkan ni ayé mọ̀: aṣọ tí wọ́n sá, ọkọ̀ tó ti jẹrà, ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí garawa tó ń fọ ẹja, tó juwọ́ sí i bí ẹni pé òun náà ti ń retí rẹ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á wọ́ ọkọ̀ sórí yanrìn, á fi í ṣe ògiri, á sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan tó wà nínú fèrèsé òun ní ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń kú kì í sùn kó jí tòun ti okun. Ohun tó bá lọ lónìí ti lọ nìyẹn. Bó ṣe ń dé ẹ̀yìn erékùṣù, apá òsì rẹ̀ ti ń pẹ́ kí ó tó gòkè, ó máa ń dúró dè é, bí ẹni tó bá àgbàlagbà rìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ẹnu ibi tí òkun ti bu ilẹ̀ jẹ. Ó wo etí tó wọlé lọ, kò rí òpin rẹ̀. Ó wo òdìkejì, ó rí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ṣírò ọwọ́ tó kù fún un. Tí òun bá tẹ̀lé etí, ó ní, ọwọ́ yìí ò lè délé. Tí òun bá gé e kọjá, bóyá.

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó fi etí sílẹ̀.

Kò tíì dé àárín tí kùrukùru fi bò ó. Ó ní ó funfun bí aṣọ tí Àǹtí ń fọ̀, ó sì tutù bí aṣọ ọ̀hún ṣe máa ń tutù kó tó gbẹ. Kò rí imú ọkọ̀ mọ́, kò rí ojú ara rẹ̀ tí mo yà síbẹ̀. Omi ń gbé e, òun náà ń wà á, kò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣe ọ̀gá. Ó pẹ́ gan-an kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ha òkúta. Ilẹ̀ ni. Ó dúpẹ́, ó fi ilẹ̀ náà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó rí yanrìn, ó gúnlẹ̀, ó dáná, ó jẹ búrẹ́dì àti àlùbọ́sà, ó sùn.

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ò ká. Ó gbéra, ilẹ̀ lọ́tùn-ún. Kò gbójú sókè. Kí ni ì bá gbójú sókè wò? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó rí yanrìn kan, ó gúnlẹ̀, ó sì bá eérú níbẹ̀. Ó bá ojú ibi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ gbà. Ó bá èèpo àlùbọ́sà.

"Ẹ ò mọ̀ pé tiyín ni?" mo bi í.

"Báwo ni màá ṣe mọ̀? Èbúté ni mo so kókó mi sí, lẹ́sẹ̀ Àǹtí rẹ. Ta ló ń retí kókó ara rẹ̀ láàárín ọ̀nà?"

"Kí lẹ wá rò?"

"Mo rò pé ẹnì kan wà níwájú mi tó ń yí i ká bíi tèmi. Inú mi dùn. Mo ní, ẹni yìí náà mọ oúnjẹ jẹ."

Ó gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì sórí òkúta fún ẹni náà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló tún wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún gbéra nínú kùrukùru. Ìka ti túúbá pátápátá, okùn tapólì ló kù tó so ó mọ́ àjẹ̀. Ó wà á látàárọ̀. Nírọ̀lẹ́ ó tún bá yanrìn, ó tún bá eérú, ó bá èèpo àlùbọ́sà, ó sì bá búrẹ́dì lórí òkúta. Ẹyẹ òkun ti ṣá a jẹ létí. Bọ̀dá Tapólì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ òun ti mọ̀ pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ti fi oúnjẹ sílẹ̀ de òun. Ó jẹ ẹ́. Ó jókòó ti eérú náà, ó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀: pé ọwọ́ òun ò dáa, pé kó jọ̀ọ́ kó má yára jù, pé tí àwọn bá jọ dé èbúté, ìyàwó òun á po tíì fún àwọn méjèèjì, kó má sì dá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lóhùn, ẹnu rẹ̀ ò dáa.

Bó ṣe sọ ìyẹn fún mi, mo bu òróró mìíràn sí i lọ́wọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni kùrukùru ká. Apẹja akàn kan wà nítòsí, ó ń fa ìgèrè rẹ̀ sókè láti inú omi.

"Ẹ kú iṣẹ́," Bọ̀dá kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń rí ẹni tó wà níwájú mi?"

"Níwájú yín níbo?"

"Ẹni tó ń wa ọkọ̀ bíi tèmi yí erékùṣù ká."

Apẹja wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin nìkan ni mo rí. Láti ìjẹrin lẹ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú kùrukùru, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí. Mo ní bóyá ẹ̀ ń ṣeré ìdárayá ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta báwo?"

"Ẹ̀gbọ́n, erékùṣù kékeré lẹ wà yìí o. Ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀. Erékùṣù ńlá nìyẹn." Ó sì tọ́ka sí ọwọ́ òsì.

Bọ̀dá gbójú sókè. Ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, dúdú, gbọọrọ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wo èèpo àlùbọ́sà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe erékùṣù ló kọ́kọ́ dun òun. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n wá túfọ̀ ọ̀rẹ́ fún òun.

Ó ní òun á ṣì lọ. Ó wọ ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ okùn, ó fi eyín fà á le. Ọ̀tún gòkè. Òsì dé ibi itan, ó dúró síbẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún dúró síbẹ̀. Apẹja yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń to akàn tí kò nílò títò. Nígbà tó yá, ó ju okùn sí i. Bọ̀dá kò lè di okùn náà mú. Apẹja fúnra rẹ̀ ló sọ̀ sínú omi tó wá so ó.

Ọmọlúàbí ni apẹja yìí, kò fẹ́ kí àyà àwọn ará ilé máa já. Ó fi rédíò ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí èbúté pé ọkùnrin ọlọ́kọ̀ aláṣọ wà lọ́dọ̀ òun, kò sí ewu, ó sì ti yí erékùṣù ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sọ èyí tó yí ká, torí lọ́dọ̀ àwọn alákàn, èyí tí ìgèrè wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni erékùṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹta bọ́ sílẹ̀ látinú rédíò, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún níwájú ilé tíì. Kí ọkọ̀ apẹja tó yọ, ó ti di ẹ̀ẹ̀meje, ó sì dúró síbẹ̀, bóyá torí ó ti rẹ òun náà.

Wọ́n gbé Bọ̀dá sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ó ń wí. "Mi ò yí i ká."

"Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀," wọ́n ní.

"Kékeré ni. Kékeré tó wà lẹ́yìn ni mo yí ká."

"Ó ní kékeré ni iṣẹ́ náà," ẹnì kan bá a túmọ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Kí lẹ jẹ lójú omi, Bọ̀dá?"

"Mo rò pé ẹnì kan ló ń fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún mi, àṣé..."

Wọn kò dúró gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn àṣé. Ọkùnrin tó ń gé irun ti ń sáré lọ sókè òpópónà.

Àǹtí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń fì lórí èjìká àwọn èèyàn náà ló ń wò, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó lọ bá a.

"O bá kókó rẹ?"

"Rárá."

"Jẹ́ ká lọ sílé."

Dókítà kò parọ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, àìsàn náà ti dé èjìká rẹ̀. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn ọmọṣẹ́ túká. Kápútẹ́nì wá lọ́jọ́ kan, ó ní kó wá jókòó sí imú ọkọ̀ èrò, kí òun gbé e yí erékùṣù ká.

"O ṣeun," Bọ̀dá dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ ló máa yí i ká."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn tó mọ̀ náà ti pọ̀ jù."

Èmi àti Àǹtí la jọ ń bọ́ ọ. Tó bá kàn mí, màá ní, "Ẹ la èbúté, ọkọ̀ ń bọ̀." Á la ẹnu. Nígbà míì á ní ọkọ̀ ọ̀hún ti tutù jù, kápútẹ́nì rẹ̀ ti dúró ṣòfófó lọ́nà. Nígbà míì á kàn jẹ ẹ́, á máa wo ògiri.

Àwọn èèyàn ṣì ń wá. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ ọwọ́ wá, wọ́n á gbé ọwọ́ Bọ̀dá lé ọmọ náà lórí, kí apá ọmọ lè le bíi tirẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè lé eṣinṣin. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń sọ fún wọn, erékùṣù kékeré ni, ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní irú èèyàn báyìí ti wọ́n. Lẹ́yìn náà kò sọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá pàdánù, a máa ń kí i pé ẹ kú ìfaradà, a máa ń jókòó tì í. Ta ló ń jókòó ti akọni? Nǹkan kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe láyé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi àtẹ́wọ́ gba àyè àtisunkún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá bẹ̀ mí níjọ́ kan pé, "Ẹlẹ́nu, bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ nílé tíì, mo sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń gé irun, mo dúró sórí àga ní ibi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èèpo àlùbọ́sà àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní èmi yìí, mo tún ti gbé tèmi dé, kò sẹ́ni tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan àbúrò ìyá mi.

Mo padà sílé, ó wo ojú mi, ó ti mọ̀. Dókítà ní ọrùn ló kàn.

Mi ò fi ẹ̀rín kún èyí: àbúrò ìyá mi kò yí erékùṣù ńlá ká rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.